Kí ni tírélà ń wá létí odò?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Màámi pè mí láàárọ̀ àná, wọ́n ní níbo ni mo wà, mo ní mo wà létí odò mà, mò ń dúró de ẹrù. Wọ́n ní, "Odò kẹ̀? Kí ni tírélà ń wá létí odò?" Mi ò ráyè dá wọn lóhùn dáadáa, àmọ́ ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi látàná.

Memphis ni mò ń gbé, ní Tennessee níbí. Odò Mississippi ló gba ẹ̀gbẹ́ ìlú kọjá, ẹ bá ti sọdá ẹ̀ báyìí, Arkansas nìyẹn. Ilé iṣẹ́ reluwé ńláńlá márùn-ún ló wọ ìlú yìí, BNSF, Union Pacific, CN, Norfolk Southern àti CSX, títì I-40 àti I-55 sì pàdé níbí. Ká má tíì sọ ti FedEx, ilé iṣẹ́ tó ń báàyàn fi ẹrù ránṣẹ́, tó jẹ́ pé àtọdún 1973 ni wọ́n ti ń fi pléènì kó ẹrù wá síbí lóru, wọ́n á ṣà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kílẹ̀ tó mọ́ ó ti gbéra lọ síbi tó ń lọ.

Iṣẹ́ tèmi ò jìnnà. Mo máa ń gbé kọ̀ǹténà ní yáàdì reluwé lọ sí wíáháòsì, tí wọ́n bá tú u tán mo dá òfìfo padà, máìlì 20, 30, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn rò pé ọ̀nà jíjìn niṣẹ́ wà, rárá o, ibi tí ẹrù ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì gan-an niṣẹ́ wà. Kọ̀ǹténà á wọkọ̀ òkun láti Ṣáínà dé California, tíréènì á gbé e dé Memphis láìsí wàhálà, ó wá dé ọ̀dọ̀ wa tán, chassis ò sí. Chassis yẹn ni férémù onítáyà tí kọ̀ǹténà máa ń jókòó lé, tí ò bá ti sí, orí kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi gbé e ni? Mo ti dúró wákàtí márùn-ún rí ní yáàdì kan nítorí ẹ̀, wọn ò san kọ́bọ̀ fún mi lórí ìdúró yẹn, ó ká mi lára títí dòní.

Lọ́jọ́ míì, President's Island ni mo máa ń lọ, ibẹ̀ ni pọ́ọ̀tù wà, mo lọ gbé irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ká bí ẹní tí báàjì kó wá, ìyẹn ọkọ̀ omi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń kó ẹrù, tí ò ní ẹ́ńjìnnì tiẹ̀. Ẹ wo báàjì kan ṣoṣo o, ó ń gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1,500, ìyẹn tó nǹkan bíi tírélà 60. Láti St. Louis lọ sísàlẹ̀ dé òkun, kò sí géètì omi kankan tó máa dí wọn lọ́nà, wọ́n lè so báàjì 30 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀, kí ọkọ̀ kan ṣoṣo máa tì í lẹ́yìn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, ńṣe ni mo páàkì tí mò ń wò ó.

May 11, 2021 lojú mi là sí bí gbogbo ẹ̀ ṣe so kọ́ra. Wọ́n ń yẹ bíríìjì I-40 tó sọdá odò yìí wò, wọ́n rí i pé irin kan tó di bíríìjì yẹn mú ti ya, ni wọ́n bá tì í pa lójú ẹsẹ̀. Mọ́tò tó lé ní 40,000 ló ń gbabẹ̀ lójúmọ́! Gbogbo wa wá kọrí sí bíríìjì I-55, èyí tí wọ́n ti ṣí látọdún 1949, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ di wákàtí. Wọn ò tún jẹ́ kí ọkọ̀ omi kọjá lábẹ́ bíríìjì I-40 tó ya yẹn, báàjì tó lé ní 1,000 ló tò sílẹ̀ kí wọ́n tó fi wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. Àwa onítírélà, di August ká tó gba orí ẹ̀ padà. Nígbà tó tún di October 2022, omi fúnra ẹ̀ ló fà, ó fà débi tí ò fà dé rí nínú àkọsílẹ̀ Memphis nígbà náà, ó sì jẹ́ àsìkò tí àwọn àgbẹ̀ ń kó àgbàdo àti sóyà lọ sí New Orleans. Wọ́n dín ẹrù inú báàjì kù, wọ́n dín iye báàjì tí wọ́n ń so pọ̀ kù, owó ẹrù wá fò sókè.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Baro fi máa ń dùn mí. Létí Odò Ọya tiwa nílé lọ́hùn-ún, ní ìpínlẹ̀ Niger, wọ́n ṣí pọ́ọ̀tù síbẹ̀ ní January 2019, àmọ́ títì tó dáa tó máa gbé ẹrù kúrò níbẹ̀ ò sí, reluwé tó ń ṣiṣẹ́ ò sí. Bẹ́ẹ̀, láti Baro yìí náà làwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í la reluwé lọ sí Kano ní 1907, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹrù tó bá gúnlẹ̀ gbọ́dọ̀ ríbi gbà. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n la títì yẹn. Kí wọ́n tún reluwé yẹn ṣe. Mo fẹ́ kí awakọ̀ kan nílé náà dúró létí Odò Ọya bí mo ṣe ń dúró níbí, kí krénì máa gbé ẹrù lé e lẹ́yìn.

Ohun tí n bá sọ fún màámi nìyí, àmọ́ bí wọ́n ṣe béèrè ni krénì yíjú sọ́dọ̀ mi, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, màá pè yín padà. Ìgbà tí mo fi já irin yẹn tán, ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ wọn.