Ọdún Méjì ní Pólì, Ipele Kan ní Yunifásítì

Nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìsánlú lọ́dún tó kọjá, ìwé ẹ̀rí ND ọmọ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbé fún mi kí ó tó bu omi fún mi mu. Ọmọ náà ti parí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogbonìṣe (pólì) kan, ó sì jáde pẹ̀lú Upper Credit, ipele kejì láti òkè. Ìṣirò ìyá rẹ̀ kò le: ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń gboyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ọmọ ti lo ọdún méjì, ó ku méjì. Owó ọdún méjì náà ni ó sì ti ń tọ́jú. Èmi tí mo ti gba ọ̀nà yìí kọjá ni ó wá kàn láti sọ fún un pé ọdún mẹ́ta ni ó kù, àti pé ọdún mẹ́ta náà yóò wúwo lọ́rùn ọmọ ju bí ó ti ń wúwo lọ́rùn àwọn tí ó wọlé láti ọdún kìíní.

Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni ó ń ṣe ìṣirò yìí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí ní Kábà, ní Mọ̀pà àti ní Ẹ̀gbẹ̀, àwọn ọmọ pólì fúnra wọn sì ń sọ ọ́. Wọ́n gbà pé yunifásítì yóò yẹ àwọn ẹ̀kọ́ tí ọmọ ti kọ́ ní pólì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì yọ wọ́n kúrò nínú ohun tí ó yẹ kí ó tún kọ́. Direct Entry, ọ̀nà tí ẹni tí ó ti ní ND tàbí irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà wọ ipele 200, ìyẹn ọdún kejì, ní yunifásítì, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlànà NUC, àjọ tí ó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ni pé ẹni tí ó bá gba UTME, ìdánwò ìwọlé ti JAMB, wọlé sí ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin gbọ́dọ̀ kó yúníìtì (òṣùwọ̀n iṣẹ́ ẹ̀kọ́) 120 jọ, ó kéré tán, kí ó tó gboyè, kí ẹni tí ó gba Direct Entry wọlé sì kó 90. Ọgbọ̀n yúníìtì ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì, ìyẹn bí iṣẹ́ ọdún kan, ì báà jẹ́ ND ọlọ́dún méjì ni ọmọ gbé wá, ì báà jẹ́ NCE ọlọ́dún mẹ́ta ti àwọn olùkọ́, ì báà sì jẹ́ IJMB, ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ fún yunifásítì, tí kì í ju ọdún kan lọ. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé ṣé ẹni tí ó lo ọdún méjì àti ẹni tí ó lo ọdún kan wá dọ́gba. Mo ní lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì, wọ́n dọ́gba. Ìwọ̀nba yunifásítì kan máa ń mú ẹni tí ó ní HND, ìwé ẹ̀rí pólì tó ga ju ND lọ, lọ sí ipele 300, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé owó lé ìyẹn láìjẹ́ pé ó ti fi ojú ara rẹ̀ kà á nínú ìlànà ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ọmọ lọ mú ìwé ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá rẹ̀ wá. Ó yà á lẹ́nu, nítorí ó rò pé bí ènìyàn bá ti ní ND, kò sẹ́ni tí ó tún ń béèrè WAEC. Wọ́n ń béèrè rẹ̀, òun gan-an sì ni ó ń dá àwọn púpọ̀ padà. Fún ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń fẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Mathimátíìkì àti Físíìsì gbọ́dọ̀ wà nínú wọn, ìjókòó ìdánwò kò sì gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. C6 ni òpin kírẹ́díìtì. Ẹni tí ó ní D7 nínú Físíìsì yege lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní kírẹ́díìtì. Computer Studies tí a ṣe ní girama kò sì lè dúró ní ipò Físíìsì, bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ jọ ohun tí a fẹ́ lọ kọ́. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dùn mí. Odindi ọdún méjì ni a fi wà láìní olùkọ́ Físíìsì ní girama tí mo lọ. Olùkọ́ Mathimátíìkì ni ó ń bá wa ka ìwé náà bí agbára rẹ̀ ti mọ, ìgbà tí a sì kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan irinṣẹ́ Físíìsì, ọjọ́ ìdánwò WAEC ni. Ìjókòó kejì ni mo tó rí C6. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí Físíìsì tirẹ̀ nínú NECO, Èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ wà nínú WAEC. Ìjókòó méjì ti pé, kò sí àyè fún ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n àwọn márààrún pé.

Lọ́wọ́ JAMB ni a ti ń gba Direct Entry náà; kì í ṣe ohun tí a ń lọ bá yunifásítì sọ ní ìkọ̀kọ̀. Lọ́dún 2023, nígbà tí ayédèrú ìwé ẹ̀rí pọ̀ jù, JAMB kó ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ kúrò ní àwọn ilé kọ̀ǹpútà, ó sì ní kí wọ́n wá máa ṣe é ní ọ́fíìsì òun. Fún ará Ìsánlú, Lọ́kọ́jà nìyẹn, kí ènìyàn gba Kábà àti Obajana kọjá láàárín àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń kó sìmẹ́ńtì. Kò yẹ kí ènìyàn rin ìrìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìwé tí ó gbàgbé sílé. Ní ti irú ND tí wọ́n ń gbà, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀: àwọn kan ń gba Lower Credit, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 2.50 nínú 4, àwọn mìíràn kò ní wo ohun tí kò bá tó Upper Credit, tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 3.00. Ìkànnì IBASS ti JAMB, níbi tí ìlànà ìgbàwọlé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wà, ni kí ẹ ti kà á, kì í ṣe lẹ́nu ẹni tí ń bá yín tẹ fọ́ọ̀mù.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ọmọ wọlé ni ìwúwo tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń bẹ̀rẹ̀. Máàkì pólì kò bá ọmọ wọ yunifásítì. Orí 4 ni pólì ń ka tirẹ̀ dé, orí 5 ni yunifásítì ń ka tirẹ̀ dé, láti òfo ni ọmọ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó wọlé láti ọdún kìíní ti lè kó máàkì tó dára jọ nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí ó rọrùn. Ẹni Direct Entry kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀kọ́ ipele 200, bíi COS 201 tí í ṣe kíkọ ètò kọ̀ǹpútà àti CSC 203 tí í ṣe Discrete Structures, ó tún ní láti lọ ṣe àwọn GST, ẹ̀kọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe, ti ọdún kìíní, ẹ̀ka mìíràn á sì fi Mathimátíìkì ọdún kìíní kún un. Ní tèmi, Mathimátíìkì ni ó fẹ́ẹ̀ dá mi padà sílé. Iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ ní pólì, mo mọ ètò kọ̀ǹpútà kọ ju ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ lójú pátákó, àwọn ọmọdé tí ó ti ṣe MTH 101 ni ó ń là á yé mi.

Ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀kọ́ wé ẹ̀kọ́ ní tòótọ́ ni ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ṣí láti yunifásítì kan lọ sí òmíràn. Ọmọ aládùúgbò mi kan ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ara ìyá rẹ̀ kò yá, tí ó fẹ́ sún mọ́ ilé. Yunifásítì tí ó ń kúrò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi transcript, ìwé àkọsílẹ̀ máàkì rẹ̀, ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, èyí tí ó ń lọ gbọ́dọ̀ gbà á, JAMB náà sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ yóò wá di wàhálà nígbà NYSC. Ohun tí ó dá a dúró pẹ́ jù lọ ni yúníìtì: ẹ̀kọ́ kan náà tí ó jẹ́ yúníìtì méjì níbi kan jẹ́ mẹ́ta níbi kejì, wọ́n sì ní kí ó mú ìwé tí ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ nínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ wá. Kò tọ́jú ọ̀kankan. Ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun ti NUC, CCMAS, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2023, lè dín èyí kù, nítorí pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ ti di ọ̀kan náà káàkiri, tí ìdá 30 sì jẹ́ ti yunifásítì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìlànà àtijọ́ yóò rí i pé CSC 101 tirẹ̀ ti di COS 101, yóò sì ní láti fi ìwé hàn pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ máa tọ́jú ìwé àlàyé ẹ̀kọ́ yín, ẹ̀yin ọmọ.

Fún ẹni tí kò lè fi iṣẹ́ tàbí oko sílẹ̀, NOUN, yunifásítì tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́ láti ọ̀nà jíjìn, wà, tí kì í béèrè máàkì UTME, tí ó sì ní ibùdó ní Lọ́kọ́jà. Kírẹ́díìtì márùn-ún yẹn ni yóò béèrè bákan náà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní ipele 200 báyìí. Ó ń bá àwọn ọmọ tí ó fi ọdún mẹ́rin jù lọ jókòó nínú kíláàsì GST, wọ́n ń pè é ní Bọ̀ọ̀dá DE. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí pé yunifásítì kò gba lẹ́tà SIWES, ìyẹn ti ìkọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, tí òun mú wá láti pólì, pé òun yóò tún ṣe òmíràn, ó sì béèrè bóyá mo mọ ibi kan ní Kábà tí wọ́n ti ń lo kọ̀ǹpútà ju títẹ ìwé lọ. Mo ti béèrè níbi méjì.