Ọwọ́ Ta Ni Máòsì Wà?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ àbójútó kọ̀ǹpútà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ nípa VNC, ètò tí a fi ń wo ojú kọ̀ǹpútà tó wà lókèèrè, tí a sì fi ń darí rẹ̀, ni pé kò mọ ta ni ta ni. Iṣẹ́ tí àwọn tó ṣe é ní yàrá ìwádìí Olivetti ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé fún un kò pọ̀: server, ìyẹn ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà tí à ń darí, á máa fi àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́, ẹni tó wà lókèèrè á sì máa fi bọ́tìnnì tó tẹ̀ àti ibi tó fa máòsì sí ránṣẹ́ padà. Bí ẹni mẹ́rin bá jọ wà lórí ojú kọ̀ǹpútà kan, atọ́ka kan náà ni gbogbo wọn ń fà. Lẹ́tà tí ẹnì kan tẹ̀ lè já sáàárín àṣẹ tí ẹlòmíràn ń kọ lọ́wọ́. Bó bá wá jẹ́ root, orúkọ alábòójútó tó láṣẹ lórí ohun gbogbo, lẹ fi wọlé, fáìlì lè lọ.

Nítorí náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan là ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà. Ẹ jẹ́ kí ìpè orí fóònù wà láàárín yín, kí ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan máòsì sọ ọ́ jáde, kí ẹni tó ti ṣe tán náà sì sọ ọ́.

Ohun kan tún wà tó ń kó ìdààmú bá àwọn tuntun. Báìtì kan ni viewer, ìyẹn ètò tí ẹni tó wà lókèèrè fi ń wọlé, máa ń fi sọ fún server, bí ó bá ti ń wọlé, bóyá kí àwọn tó ti wà níbẹ̀ dúró tàbí kí wọ́n jáde. Bó bá jẹ́ òdo, kí wọ́n jáde ni. Ó wà nínú RFC 6143 ti ọdún 2011, ìwé tó ṣàlàyé ìlànà tí VNC ń tẹ̀ lé. Ẹ ó máa bú íntánẹ́ẹ̀tì, ẹlẹgbẹ́ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló lé yín. Lórí TigerVNC, ọ̀kan lára àwọn ètò VNC, ẹ fi -AlwaysShared sí i nígbà tí ẹ bá ń gbé server dìde.

Ti Windows yàtọ̀. Windows 10 àti 11 kì í gba ẹni méjì láyè lẹ́ẹ̀kan náà lórí RDP, ọ̀nà tí Windows fúnra rẹ̀ ní fún wíwọlé láti òkèèrè. Windows Server máa ń gba alábòójútó 2, bí ẹ kò bá ra ìwé àṣẹ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ọ̀rọ̀ aṣínà VNC ti àtijọ́ kì í ka ju lẹ́tà 8 àkọ́kọ́ lọ, bó ti wù kí tiyín gùn tó, ohun tó sì ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kedere ló wà lójú ọ̀nà. Ẹ fi -localhost dé server mọ́lé, kó má gba ẹnikẹ́ni láti ìta, kí ẹ wá gba inú SSH, ọ̀nà tó ń bo ohun tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú, wọlé:

ssh -L 5901:localhost:5901 orúkọ-yín@orúkọ-server

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kan tiyín, ẹ ṣí ojú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ fún un. Lórí Linux, ojú kọ̀ǹpútà :1 wà ní port (ẹnu ọ̀nà) 5901, :2 wà ní 5902, kò sẹ́ni tó máa dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹni tó kàn fẹ́ wòran, ẹ má fún un ní ju ìwòran lọ. Bí ẹ bá ń lo vncpasswd, ó máa bi yín bóyá ẹ fẹ́ ọ̀rọ̀ aṣínà kejì tó wà fún wíwò nìkan. Ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo bá ń kọ́ ẹni tuntun níṣẹ́, èmi gan-an ni mo máa ń gba ti wíwò yẹn. Bó bá ṣìnà, mi ò lè já máòsì gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní láti ṣàlàyé títí yóò fi rí i fúnra rẹ̀.