Ibi tí ọ̀rọ̀ yóò wà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ya ìtàn alàwòrán fún orí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi jù lọ ni pé kí ènìyàn tó fa ìlà kan tó dán, ó yẹ kó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá ìtàn yóò wà. Lórí WEBTOON, ìkànnì tí wọ́n ti ń ka ìtàn alàwòrán, 800 píksẹ́lì ni fífẹ̀ àwòrán, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ sì ti ń kà á. Bí ẹ bá ya ojú, aṣọ àti ògiri tán kí ẹ tó rántí ọ̀rọ̀, ọwọ́ tí ẹ fara balẹ̀ yà ni ọ̀rọ̀ yóò bò mọ́lẹ̀.

Ti Yorùbá tún le díẹ̀, nítorí àmì wà lókè, àmì wà nísàlẹ̀, àlàfo àárín ìlà ọ̀rọ̀ kan sí èkejì sì gbọ́dọ̀ fẹ̀. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ní ẹ àti é gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò ní ẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo: fọ́ǹtì ni yóò gbé àmì ohùn lé ẹ lórí, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tí wọ́n ṣe fún ìtàn alàwòrán ni kò sì mọ̀ ọ́n gbé. Ẹ ó rí i tí àmì náà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí lẹ́tà àjèjì kan jókòó sáàárín àwọn yòókù. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ tẹ “ọ̀rẹ́” àti “ẹ̀ṣẹ̀” wò, ní lẹ́tà ńlá àti kékeré. Andika àti Noto Sans ń ṣe é dáadáa; wọn kò rẹwà tó ìkọ̀wé ọwọ́, mo gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣeé kà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ya àwòrán náà ní 1600 píksẹ́lì, kí ẹ dín in kù sí ìdajì nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde. Ìlà tó gbọ̀n díẹ̀ yóò fara pamọ́, yẹtí tí ẹ fi gbogbo òru yà náà yóò sì fara pamọ́. Nínú Krita, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ tẹ M kí àwòrán yí bí ẹni wo dígí. Ojú tó wọ́ yóò hàn kíákíá. Ẹ má jẹ́ kí Stabilizer, ohun tó ń mú kí ìlà má gbọ̀n, pọ̀ jù, nítorí ìlà á máa wọ́ tẹ̀lé ọwọ́, ojú ènìyàn á sì dà bí ère. Òjìji ni kí ẹ fi sí ìpele (layer) tirẹ̀, ní Multiply, ọ̀nà àdàpọ̀ tó ń mú àwọ̀ ìsàlẹ̀ ṣókùnkùn, kí ọ̀sán lè di ìrọ̀lẹ́ láìfọwọ́ kan àwọ̀ ìsàlẹ̀.

Ìpele ọ̀rọ̀ ni kí ẹ má ṣe lẹ̀ mọ́ àwòrán nínú fáìlì .kra, ìyẹn fáìlì Krita fúnra rẹ̀, láéláé, torí òǹkàwé kan yóò rí àmì ohùn tí ẹ ṣì, yóò sì sọ ọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀ yóò sì gbà.