Ooru, àárẹ̀ àti iṣẹ́ ilé: ohun tó yẹ kí ẹni tó ní multiple sclerosis mọ̀

Ẹni tó ní multiple sclerosis, tí wọ́n ń gé kúrú sí MS, lè jí láàárọ̀ kó gbálẹ̀, kó fọ abọ́, kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ẹsẹ̀ ò ní gbé e mọ́. Ará ilé á ní ọ̀lẹ ni. Àwọn kan á ní ó ti fẹsẹ̀ tẹ nǹkan. Kò sí èyí tó jóòótọ́ níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun inú ara, tó yẹ kó máa bá àrùn jà, ló kọjú ìjà sí awọ tó bo iṣan inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí awọ náà bá ti ṣí, bíi wáyà iná tó bó, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán sí ẹsẹ̀, ojú tàbí àpò ìtọ̀ á falẹ̀, tàbí kó má débẹ̀ rárá.

Ó ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ, láàárín ọmọ 20 sí 40 ọdún ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa tó ti ilẹ̀ òtútù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní rọpárọsẹ̀ (stroke). Ṣùgbọ́n ojijì ni rọpárọsẹ̀ ń dé. MS sábà máa ń fi wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan yọjú tán. Bó ti wù kó rí, ẹni tí apá kan ara rẹ̀ bá rọ lójijì, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ní agbègbè Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣàgámù ni ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀.

Dókítà ló ń fúnni lóògùn. Ti ẹni tó kọ́ occupational therapy ni láti bá yín tún ọ̀nà tí ẹ ń gbà wẹ̀, dáná, wọṣọ àti tajà ṣe, kí agbára tó wà lára lè gbé ọjọ́ náà já.

Ooru ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Láti 1890 ni Uhthoff, dókítà ojú ará Jámánì, ti kíyè sí i pé bí aláìsàn yìí bá ṣe iṣẹ́ agbára, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn; ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá mọ̀ pé gbígbóná ara ló ń fà á. Ooru kì í ba iṣan jẹ́, ó kàn ń dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró ni. Bí ara bá tutù, ó padà. Nítorí náà, fífi omi gbígbóná tẹ ẹsẹ̀ tó kú, tí gbogbo àdúgbò fẹ́ràn, kò bá MS mu, ó sì lè bó awọ tí kò mọ nǹkan lára mọ́. Píọ́ wọ́tà tó dì ni kẹ́ ẹ fi aṣọ ìnura wé, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́yìn ọrùn fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹni tó ń yan gàrí, kó yan án kí oòrùn tó là, tàbí kó gbé ìdí iná fún ẹlòmíràn, kó wá máa sẹ́ ẹ lábẹ́ ibòòji.

Fún àárẹ̀, ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ fún àárẹ̀ ní máàkì láti 0 dé 10. Ibi tí máàkì bá ti kéré jù ni kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ líle sí. Bí ẹ bá ṣiṣẹ́ bí ìṣẹ́jú 25, ẹ jókòó fún 10, kó tó rẹ̀ yín. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ni pé ọjọ́ tí ara bá yá, wọ́n á lọ sọ́jà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n á fọṣọ, wọ́n á tún se oúnjẹ gbogbo ilé. Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, orí bẹ́ẹ̀dì ni.

Ẹ wo ìkọ́kọrẹ́. Rínrin ewùrà ló ń ni ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lára jù. Ẹ má dúró rin ín. Ẹ lo àga tó ní ẹ̀yìn, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, kí tábìlì ga dé ìgúnpá. Ẹ tẹ́ àkísà tútù sábẹ́ abọ́ kó má baà yọ̀. Ewùrà náà ń yọ̀, torí náà ẹ bó apá kan, kẹ́ ẹ fi èèpo sílẹ̀ níbi tẹ́ ẹ ti dì í mú. Ẹ fi ìgúnpá ti tábìlì: apá tó bá ríbi fara tì, gbígbọ̀n rẹ̀ á dín kù. Bí ṣíbí bá ń jábọ́, ẹ wé aṣọ mọ́ ọwọ́ rẹ̀ kó nípọn. Ohun tó nípọn kì í gba agbára ìdìmú púpọ̀. Omi gbígbóná ńkọ́? Ẹ má fi ìka tó ti kú wò ó, apá ibi tó ṣì ń mọ nǹkan lára ni.

Ibà pẹ̀lú ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ lójú. Bí ibà bá gbé ara gbóná, àìlera àtijọ́ á tún yọjú, ẹ̀rù á bà wọ́n pé àìsàn ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ tọ́jú ibà ná. Bí nǹkan tuntun bá yọ láìsí ibà, tó sì kọjá wákàtí 24, ẹ pe dókítà. Àkóràn ọ̀nà ìtọ̀ tún ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí ìyẹn, ẹ má fi omi mímu du ara nítorí kẹ́ ẹ má baà tọ̀ sára. Ẹ máa lọ tọ̀ ní wákàtí méjì sí mẹ́ta síra, yálà ìtọ̀ gbọ̀n yín tàbí kò gbọ̀n yín.

Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ṣeé lọ o. Ṣùgbọ́n aṣọ òkè wúwo, ó sì ń pa ooru mọ́. Ẹ rán aṣọ ẹgbẹ́ náà ní léèsì fẹ́lẹ́ bí regbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí yín, bá gbà, ẹ gbé àga àti agboòrùn tiyín dání, kẹ́ ẹ sì ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ẹ ò ní bá wọn rìn dé iwájú Awùjalẹ̀, ibi ìjókòó lẹ máa pàdé wọn.