Ta Ni Kò Sí Nínú Iye Náà? Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nípa Statistics ní Ọjà Bódìjà

Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹrin ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ sosiọ́lọ́jì, mo kó 400 ìwé ìbéèrè lórí owó tí àwọn obìnrin ọjà ń rí sínú àpò gàrí kan tó ti ṣófo, mo gbé e lọ sí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, mo sì gbà lọ́kàn mi pé apá tó le jù nínú iṣẹ́ àṣekágbá mi ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Orí Kẹrin ló ń bà mí lẹ́rù, níbi tí a ti máa ń to tábìlì, tí a sì ń ṣe chi-square, ìṣirò tí a fi ń wò bóyá nǹkan méjì ní í ṣe pẹ̀lú ara wọn. Orí Kẹta, níbi tí a ti máa ń ṣàlàyé irú ẹni tí a bá sọ̀rọ̀ àti bí a ṣe rí wọn, mo ti wò ó kọ láti inú iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú mi, bí púpọ̀ nínú wa ti máa ń ṣe. Mo ń kọ èyí sí ẹ̀yin tí ẹ wà nípò tí mo wà nígbà náà, nítorí pé ibi tí mo fojú tẹ́ńbẹ́lú yẹn gan-an ni iṣẹ́ náà ti fẹ́ dàrú mọ́ mi lọ́wọ́.

Bí mo ṣe dé orí 400 kò ṣòro. Kò sí bí ẹ ó ṣe ka iṣẹ́ àṣekágbá mẹ́wàá ní Nàìjíríà tí ẹ kò ní bá ìlànà Taro Yamane pàdé, èyí tí a fi ń ṣírò iye ẹni tí a ó bi léèrè. A ó mú iye gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, a ó fi àṣìṣe tí a lè fara mọ́ sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, a ó fi 1 kún èyí tí a bá rí, a ó wá fi gbogbo rẹ̀ pín iye tí a kọ́kọ́ mú. Bí àṣìṣe tí a fara mọ́ bá jẹ́ 0.05, ènìyàn 2,000 yóò fún wa ní 333, ènìyàn 10,000 yóò fún wa ní 385, mílíọ̀nù kan yóò sì fún wa ní 400. Ẹ wò ó dáadáa: láti 2,000 dé mílíọ̀nù kan, àwọn ènìyàn náà ti di ìlọ́po 500, síbẹ̀ ẹni 67 péré ló kún àwọn tí a ní láti bi léèrè. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, wọ́n ní àwọn tó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ 9,113,605, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì yarí pé àwọn kà ju mílíọ̀nù 17 lọ. Àríyànjiyàn ńlá ni, kò sì tíì tán nílẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi èyíkéyìí nínú iye méjèèjì sínú ìlànà Yamane, 400 náà ni yóò fún yín. Ọ̀pọ̀ alẹ́ ni èmi àti ẹni tí a jọ ń gbé yàrá fi jiyàn lórí iye tó yẹ kí n lò, tí a kò sì fi ìṣẹ́jú kan béèrè ohun tí ìlànà náà gbà gbọ́ kó tó ṣiṣẹ́, èyí tí í ṣe pé ìbò ni a fi mú àwọn tí a bi léèrè, tó fi jẹ́ pé olúkúlùkù ló ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sínú wọn. Iye ẹni tí a ó bi léèrè ni Yamane ń sọ. Kò sọ irú ẹni.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi pín ìwé náà, láti aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, nítorí pé àkókò yẹn ni mo máa ń ráyè kúrò ní kíláàsì. Mo ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó bá jókòó, tí kò sí oníbàárà níwájú rẹ̀, tó sì jọ ẹni tó lè kàwé, òun ni mo máa ń kúnlẹ̀ kí. Àwọn ìyá náà ṣe dáadáa sí mi. Òmíràn tilẹ̀ fún mi ní àpótí kí n jókòó, ó sì pe aládùúgbò rẹ̀ pé kó wá bá ọmọ yìí kọ tirẹ̀. Ìwé tó padà sọ́wọ́ mi lé ní 350, inú mi sì dùn bí ẹni tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde.

Ìyá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi, olùkọ́ni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò ṣí tábìlì mi kankan. Wọ́n béèrè pé, “Aago mélòó lo máa ń débẹ̀?” Mo sọ fún wọn. “Àwọn tó ń já ẹrù lórí ọkọ̀ ní ìdájí ńkọ́? Àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri omi ńkọ́? Àwọn alábàárù ńkọ́?” Mo dákẹ́. Wọ́n fọwọ́ lé ojú ewé àkọ́kọ́. “Ohun tí o kọ síbí ni owó tí àwọn obìnrin ọjà Bódìjà ń rí. Ṣé ọkùnrin ni àwọn yẹn ni?”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ìtàn kan fún mi tí n kò gbàgbé mọ́. Ní ọdún 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà fi káàdì ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn láti mọ ẹni tí yóò di ààrẹ láàárín Franklin Roosevelt àti Alf Landon. Àwọn tó dáhùn tó mílíọ̀nù méjì lé díẹ̀, ìwé ìròyìn náà sì kéde pé Landon ni yóò wọlé. Roosevelt ló wọlé, pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, ìpínlẹ̀ méjì péré, Maine àti Vermont, ni Landon sì rí mú. Inú ìwé orúkọ àwọn tó ní tẹlifóònù àti àwọn tó ní mọ́tò ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú orúkọ tí wọ́n kọ̀wé sí, lásìkò tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀, tí tálákà kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwọn tó sì jókòó fèsì kò jọ àwọn tó ju káàdì náà nù. George Gallup, tí òun náà ń ṣe ìwádìí èrò aráàlú, tí àwọn tí ó bi léèrè sì kéré sí tiwọn lọ́nà tó pọ̀, ló sọ ẹni tí yóò wọlé bó ṣe rí. Ẹni tó bá ti ra ẹ̀wà ní àpò rí kò ní ṣòro fún láti gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, torí kò sí bí ẹ ó ṣe bu ẹ̀wà ojú àpò tó, kò lè sọ fún yín bóyá kòkòrò ti wọ ti ìsàlẹ̀. Ojú àpò ni mo ti bu 350 tèmi.

Ibi tó tún bà mí lójú jẹ́ ni ọ̀nà tí mo gbà béèrè ọ̀rọ̀. Mo béèrè iye ọmọ, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni mí, mo mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àwọn àgbà inú wọn wò mí, wọ́n ní Ọlọ́run ló ń kà wọ́n, wọ́n sì fò ó. Mo rò pé àlàfo lásán ni. Nígbà tí SPSS, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣe ìṣirò, wá yọ gbogbo ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ kò pé kúrò nínú ìṣirò, àwọn àgbàlagbà obìnrin náà ló yọ, tó fi jẹ́ pé àwọn tí mo bi léèrè tún dínkù sí apá kan ju bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wo ẹni tó fo ìbéèrè kí ẹ tó pa á rẹ́. Nígbà tí mo padà lọ, ohun tí mo ń béèrè ni iye abọ́ tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí lálẹ́. Kì í ṣe ìbéèrè kan náà, ṣùgbọ́n iye ẹni tó ń jẹun lára èrè wọn ni iṣẹ́ mi fẹ́ mọ̀ láti ilẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi ń dá mi lóhùn.

Ìyá elélùbọ́ kan ló kọ́ mi ní èyí tó kù. Mo bi wọ́n pé, “Mà, èló ni ẹ máa ń jẹ lérè lọ́sẹ̀?” Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ọ̀sẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì ni àbí ọ̀sẹ̀ ọjà?” Ọjà oko tí wọ́n ti ń kó ẹrù, ọrún ọrún ni wọ́n ń ná an, ọrún sì rèé, ọjọ́ karùn-ún ni bí a bá ka òní mọ́ ọn bí àwọn baba wa ti ń kà á, èyí tó fi jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni ọjà náà ń padà bọ̀. Ẹni tó jèrè 20,000 náírà láàárín ọjọ́ mẹ́rin ti ń rí 35,000 láàárín ọjọ́ méje. N kò mọ iye àwọn tó ti fi ọrún dá mi lóhùn nínú ìwé tí mo ti gbà, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè bá mi yọ ọ́ jáde.

Kọ̀ǹpútà kì í báni jiyàn. Mo fi 1 dúró fún ẹni tó ti lọ́kọ, 2 fún ẹni tí kò tíì lọ́kọ, 3 fún opó, mo sì ní kó ṣírò ìpíndọ́gba rẹ̀, ó ṣírò rẹ̀ fún mi láìbéèrè ohun tí mo fẹ́ fi ìpíndọ́gba ọkọ níní ṣe. Orúkọ lásán ni irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, kíkà nìkan ni a lè kà á.

Èrè tí wọ́n sọ fún mi ni mo wá fi ìpíndọ́gba gbé kalẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ rí bí ó ṣe tàn mí jẹ. Ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin márùn-ún ṣe àpẹẹrẹ, kí èrè wọn jẹ́ 15,000, 18,000, 20,000, 22,000, kí ti ẹni karùn-ún tó ń tà fún àwọn alágbàtà sì jẹ́ 425,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 500,000, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 100,000, iye tí ẹnì kankan nínú wọn kò rí. Bí ẹ bá tò wọ́n láti orí ẹni tó kéré jù dé orí ẹni tó pọ̀ jù, tí ẹ mú ẹni tó wà láàárín, 20,000 ni, àwọn mẹ́rin nínú márùn-ún kò sì jìnnà sí i. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan owó, iye àárín yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò báyìí, bí ìpíndọ́gba bá sì jìnnà sí i, mo mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí n lọ wò fúnra rẹ̀.

Standard deviation, ìwọ̀n bí àwọn iye ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba wọn tó, tí a máa ń há sórí fún ìdánwò, ọ̀dọ̀ àwọn alájọ ni ó ti yé mi. Ìsọ̀ kan jèrè 19,000, 20,000 àti 21,000 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èkejì jèrè 2,000, 20,000 àti 38,000. Ìpíndọ́gba méjèèjì jẹ́ 20,000. Ṣùgbọ́n standard deviation ti àkọ́kọ́ jẹ́ 1,000, ti èkejì sì jẹ́ 18,000, èyí tó túmọ̀ sí pé onísọ̀ àkọ́kọ́ lè ṣèlérí iye tí yóò máa dá fún alájọ, onísọ̀ kejì kò sì gbọdọ̀ dán an wò.

Ọ̀rọ̀ àjọ yìí náà ni mo fi ṣe chi-square, ìṣirò tí Karl Pearson gbé jáde ní ọdún 1900. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó ń dá àjọ ni òwò wọn gbèrú. P-value jáde ní 0.03, mo sì fò sókè. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé àjọ ló ń mú òwò gbèrú, àti pé ìdá 3 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ṣeé ṣe kí n fi ṣìnà. Àṣìṣe ni gbólóhùn méjèèjì. Ohun tí 0.03 ń sọ ni pé, ká ní àjọ àti ìgbèrú òwò kò ní nǹkan kan í ṣe pọ̀ nínú gbogbo ọjà náà, tó sì jẹ́ pé ìbò ni a fi mú àwọn tí a bi léèrè, irú èsì tó lágbára tó báyìí tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò ṣẹlẹ̀ ní bí ìgbà mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sọ èyí tó ṣáájú èkejì. Ẹni tí òwò rẹ̀ ti gbèrú náà ló máa ń rí owó dá fún alájọ. N kò sì fi ìbò mú ẹnikẹ́ni, nítorí náà ìlérí tí 0.03 ṣe kì í ṣe èmi ló ṣe é fún.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo lọ bá àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ ọjà, mo ka àwọn ìsọ̀ ní ìlà ìlà, mo ṣẹ́ ìbò láàárín mẹ́wàá àkọ́kọ́, mo sì ń mú ìkẹwàá ìkẹwàá láti ibẹ̀ lọ, yálà onísọ̀ náà ráyè tàbí kò ráyè. Bí kò bá ráyè, mo ń padà wá. Ti àwọn tí kò ní ìsọ̀ ni n kò rí ọgbọ́n dá sí, nítorí pé kò sí ìwé tí orúkọ wọn wà. Ìdájí méjì ni mo fi lọ bá wọn sọ̀rọ̀, mo sì kọ ohun tí wọ́n sọ sí abala ọ̀tọ̀, láìfi kún tábìlì. Ọmọbìnrin alábàárù kan níbẹ̀ sọ fún mi pé òun rántí mi, pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọjá lára òun pẹ̀lú àpò gàrí yẹn, àti pé ó ku díẹ̀ kí òun béèrè bóyá mo fẹ́ kí òun bá mi gbé e.

Nígbà tí mo gbé iṣẹ́ náà padà dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń bójú tó o, wọ́n ka abala náà tán, wọ́n padà sí ojú ewé àkọ́kọ́, wọ́n sì fi bíírò pupa kọ “tó ní ìsọ̀” sí ẹ̀yìn “àwọn obìnrin” nínú àkọlé mi.