Ọdún tí mo wá àwọn tó ń tọ́ka sí ojú-ewé mi

Bí ọdún yìí ṣe ń kógbá sílé, nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe lórí ìkànnì mi, èyí tí inú mi dùn sí jù ni pé mo fara balẹ̀ wá backlink ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn líǹkì tó wà lórí ìkànnì ẹlòmíràn tó ń tọ́ka sí tèmi.

Ọ̀fẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nínú Google Search Console, irinṣẹ́ tí Google ṣe fún àwọn tó ni ìkànnì, abala kan wà tó ń jẹ́ Links. Ibẹ̀ ni mo ti rí ojú-ewé tí wọ́n ń tọ́ka sí jù, ìkànnì tí líǹkì ti wá, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé e lé. Tí ẹ bá tẹ ojú-ewé kan, tirẹ̀ nìkan ni yóò kù. Àmọ́ kì í kó gbogbo líǹkì jọ, mo bá fi Bing Webmaster Tools àti Ahrefs Webmaster Tools kún un; àwọn náà kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá ti fi ẹ̀rí hàn pé òun ló ni ìkànnì. Ohun tó wà nínú ọ̀kan lè má sí nínú èkejì, torí róbọ́ọ̀tì tirẹ̀, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ojú-ewé kiri, ni kálukú ń rán jáde.

Domain Authority ti Moz àti Trust Flow ti Majestic, máàkì tí wọ́n ń fún ìkànnì nítorí líǹkì rẹ̀, ńkọ́? Ìṣirò ilé-iṣẹ́ tó gbé wọn jáde ni, Google kì í fi wọ́n to èsì. Mo fi wọ́n ṣe ìfiwéra, ó tán.

Ibi tí mo pẹ́ sí jù ni líǹkì tó ń já sí òfo. Mo ń tẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan kọ̀wé dáadáa nípa iṣẹ́ mi, àmọ́ kọ́mà ti lẹ̀ mọ́ ìparí àdírẹ́sì tó fi síbẹ̀. 404, ìyẹn àmì pé kò sí ojú-ewé níbẹ̀, ni ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ń bá pàdé. Mo fi 301, ìyẹn ìdarí tó wà títí lọ, darí àdírẹ́sì oníkọ́mà yẹn sí ojú-ewé gan-an, líǹkì náà sì ń ṣiṣẹ́ báyìí. Irú èyí wù mí ju kí n máa bẹ àlejò fún líǹkì tuntun lọ: ẹni tó ti tọ́ka síni tinútinú, ó yẹ kí àwọn tó rán wá rí wa bá.

Ní ọdún tó ń bọ̀, mo fẹ́ máa wo kóòdù ojú-ewé tí líǹkì ti wá, kí n mọ̀ bóyá àmì nofollow (oníkànnì kò fọwọ́ sọ̀yà fún líǹkì náà), sponsored (wọ́n sanwó fún un) tàbí ugc (aṣàmúlò ìkànnì ló fi síbẹ̀) ló wà lára rẹ̀. Láti 2019 ni Google ti sọ pé àmọ̀ràn ni òun ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí, kì í ṣe àṣẹ. Màá sì máa gba àkójọ tuntun sílẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí n lè tètè mọ líǹkì tó bá ti sọnù.