Kẹ́ ẹ Tó Bá Màmá Wí Nítorí Máńgòrò

Oṣù tó kọjá ni mo pé ọdún 20 lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ yìí. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àbúrò mi ra àkàrà àti málítì, ẹ ní kí n sọ̀rọ̀, mo ní ẹ ṣeun, mo jókòó. Ọ̀rọ̀ wà nínú mi, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń sọ nídìí àkàrà. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú yín ń sọ fún bàbá kan ní kílíníìkì àwọn oníṣúgà pé, “Bàbá, ẹ ò gbọdọ̀ fẹnu kan èso mọ́ o!” Bàbá ọ̀hún wolẹ̀, wọ́n ká fìlà wọn sọ́wọ́. Àyà mi já. Ohun tó jẹ́ kí n gbé bírò nìyẹn. Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ sọ.

Èkíní: kò sí èso tó jẹ́ èèwọ̀ fún oníṣúgà. Iye tí wọ́n jẹ lẹ́ẹ̀kan ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ ti kọ́ ọ nílé ìwé pé gíráàmù 15 kábọ́háídréètì, ìyẹn ohun tó ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ni ìwọ̀n kan, mi ò ní fi ìyẹn dí yín lọ́wọ́. Ohun tí wọn ò kọ́ yín ni bí màmá tí ò ní òṣùwọ̀n nílé ṣe máa mọ̀ ọ́n. Ọsàn kan tó ṣe déédéé ẹ̀ṣẹ́ wọn, ìwọ̀n kan nìyẹn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lè lọ sí gíráàmù 27, kí wọ́n pín in pẹ̀lú ọmọ-ọmọ. Dàbínù kéékèèké tí wọ́n ń tà ní Sábó, mẹ́ta péré ti pé ìwọ̀n kan, bẹ́ẹ̀ a máa ń dà á sẹ́nu bí ẹ̀pà. Máńgòrò wá ni tiwa. Gíráàmù 100 ara rẹ̀ ní bíi 15, ìyẹn ò burú. Àmọ́ mo gé ẹyọ ńlá kan sórí òṣùwọ̀n nílé, mo yọ èèpo àti kóró kúrò, ara rẹ̀ nìkan wọn 240. Gíráàmù 36 ti wà nínú ẹyọ kan ṣoṣo nìyẹn. Ta ló sì ń jẹ ẹyọ kan lóṣù karùn-ún? Korobá là ń gbé síwájú.

Èkejì: ẹ ya jíjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára mímu. Ẹ gbọ́ bí èdè wa ṣe sọ ọ́: a kì í jẹ ọsàn, ńṣe là ń mu ún. A bẹ ẹ́, a gé e lórí, a fún omi ẹ̀ sẹ́nu, a ju ìyókù nù. Ìyókù tá a jù nù yẹn ni ì bá dá ṣúgà ẹ̀ dúró kó má tètè wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n bó o, kí wọ́n jẹ ẹran ara ẹ̀ pẹ̀lú. Ife omi ọsàn kan ní bíi gíráàmù 26.

Ẹ̀kẹta: ẹ jẹ́ kí aláìsàn fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó gún ìka rẹ̀. Òwú onísípíríìtì ò tó. Ìlà yìí nìkan ni mo fẹ́ kọ kí n kọjá, àmọ́ ọwọ́ mi ò gbà.

Ọdún kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́ ni, nílé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ. Màmá kan wà tó ń ta máńgòrò ní ọjà Jágun. Tí ọjọ́ kílíníìkì bá pé, láti ìdí igbá ni wọ́n ti ń bọ̀ tààrà, òórùn máńgòrò á ti gba gbogbo aṣọ wọn. Láti àárọ̀ ni wọ́n á ti máa gé e fún oníbàárà tọ́ wò. Mo fi òwú nu ìka wọn, mo gún un, ẹ̀rọ ní ṣúgà wọn jẹ́ 318 (mg/dL), ó ga jù. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn: 386.

“Màmá, ẹ ń jẹ máńgòrò.”

“Ọmọ mi, mi ò jẹ ẹ́. Títà á gan-an ti sú mi, ká tó wá sọ pé jíjẹ.”

Mo kọjú sí èrò tó wà lórí bẹ́ǹṣì, mo ní, “Ẹ wá wo ẹni tó ń dín àkàrà tí kì í tọ́ ọ wò!” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n wá fi ìborùn nu ọwọ́. Ọwọ́ wọn ni wọ́n ń nù o. Mo rí i, mi ò ronú kàn án.

Mo kọ ọ́ sínú káàdì pé aláìsàn kì í gbọ́rọ̀. Dókítà ka ohun tí mo kọ, wọn ò wo ojú màmá, wọ́n fi kún ínsúlíìnì wọn, abẹ́rẹ́ tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́. Èmi náà tún pe ọmọ wọn obìnrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: “Ohun dídùn kankan ò gbọdọ̀ kan ètè màmá yìí. Ọsàn gan-an, rárá.”

Lóru ọjọ́ kẹta, nǹkan bí aago méjì, màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òógùn bò wọ́n, ahọ́n wọn wúwo, orúkọ ìyá wọn tó ti kú ni wọ́n fi ń pe ọmọ wọn. Ọmọ-ọmọ wọn kékeré sáré fún ọsàn sínú ife. Ìyá ọmọ náà já ife gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ó dà á gba ojú fèrèsé, torí nọ́ọ̀sì ti ní kò gbọdọ̀ kàn wọ́n lẹ́tè. Orí ọ̀kadà ni wọ́n há wọn sí, láàárín èèyàn méjì, kí wọ́n tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣúgà wọn ti wálẹ̀ sí 38. Omi ṣúgà la fà sí iṣan wọn kí wọ́n tó lajú. Ọlọ́run ló yọ mí.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí, kò bá mi wí. Wọ́n ra máńgòrò kan, wọ́n ní kí n bó o, kí n má tọ́ ọ wò. Mi ò tíì jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n gún ìka mi: 271. Wọ́n fi òwú onísípíríìtì nu òmíràn, wọ́n gún un: 183. Wọ́n ní kí n lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí n nù ún gbẹ: 91. Èmi tí mi ò ní ìtọ̀ ṣúgà rárá. Wọ́n kó sítíríìpù tí wọ́n fi wọn ṣúgà náà, wọ́n bá tiwọn lọ.

Kẹ́ ẹ má baà rò pé tayọ̀tayọ̀ ni mo fi gba gbogbo ẹ̀bi: èmi nìkan ni wọ́n fún níwèé pé kí n wá wí tẹnu mi. Ẹni tó kọ iye abẹ́rẹ́ ò gba nǹkan kan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó ní ká ṣe é kí wọ́n tó fi kún oògùn. Ìgbà tí wọ́n wá ṣe é lẹ́yìn tí nǹkan ti bàjẹ́, àbájáde ẹ̀ dáa. Ọdún 17 rèé, inú ṣì ń bí mi. Síbẹ̀, èmi ni mo mú kí àwọn èèyàn fi màmá rẹ́rìn-ín.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ti ní kí wọ́n dín ọsàn kù, ẹ sọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà níjókòó kan náà: tí ṣúgà bá wálẹ̀ débi tí kò pé 70 mọ́, tí ara ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò wọ́n, omi ọsàn yẹn gan-an ni oògùn. Ìdajì ife, tàbí ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin ṣúgà nínú omi. Kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n tún un wọ̀n. Ẹni tí kò bá lè gbé nǹkan mì, kí wọ́n má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí wọ́n gbé e wá kíá. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ń bá wọn gbélé, torí ẹni tí ṣúgà ẹ̀ ti wálẹ̀ ò ní rántí ohun tẹ́ ẹ wí. Àwọn kan nínú yín rò pé ẹ̀rù ló ń jẹ́ kí aláìsàn gbọ́rọ̀. Ẹ̀rù náà ló da omi ọsàn yẹn nù.

Ẹ̀kẹrin, àsìkò tó yẹ kí wọ́n máa jẹ èso ni mo fẹ́ sọ níbẹ̀. Ó lè dúró.

Màmá ṣì ń wá sí kílíníìkì, àmọ́ ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kejì ni wọ́n ń tò sí. Tá a bá pàdé, wọ́n á ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, nọ́ọ̀sì.” Wọn ò pè mí ní ọmọ mi mọ́. Ó tó ọdún mẹ́rin bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan nọ́ọ̀sì kejì ò wá, ìlà kan ló wà. Wọ́n jókòó síwájú mi. Mi ò tíì la ẹnu tí wọ́n fi na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n yí àtẹ́lẹwọ́ sókè.

“Mo ti fọ̀ ọ́. Gbóòórùn ẹ̀.”

Mo tẹ orí ba, mo gbóòórùn ẹ̀. Ọṣẹ dúdú ni.